Keshi àti àwọn tó gbà á síṣẹ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Super Eagles na Sudan ní góòlù 3 sí 1 ní Abuja nínú ìdíje láti pegedé fún Ife Áfíríkà. Lọ́jọ́ kejì, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, ní kí Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n ń pè ní Big Boss, máa lọ sílé. Ìgbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan dá sí i ni wọ́n tó pè é padà.

Ẹni tó bá ní ó yẹ kó lọ kò sọ̀rọ̀ lásán. Ikọ̀ tó gba Ife Áfíríkà lọ́dún 2013 ló fìdí rẹmi nílé lọ́wọ́ Congo, ní Calabar, ló tún fìdí rẹmi lọ́wọ́ Sudan ní Khartoum. Lóṣù kọkànlá, a gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, a ò sì rí ọ̀nà lọ gbèjà ife ọwọ́ wa. Keshi tún lórí kunkun. Nígbà tó ń kọ́ ikọ̀ Togo, òun àti agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Emmanuel Adebayor, kò gbọ́ra wọn yé nínú ìdíje Áfíríkà 2006.

Àmọ́ Keshi yìí kan náà ló kọ́kọ́ mú Togo dé Ife Àgbáyé, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Otto Pfister, ará Jámánì. Òun ni balógun ikọ̀ wa nígbà tí a gba ife lọ́dún 1994. Kó tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti ṣe méjèèjì. Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó gba ife 2013 wọlé. Ta ló ń wo irú àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ní Brazil lọ́dún 2014, Keshi ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé.

Èmi ò ní di ẹ̀bi Calabar ru ẹlòmíì. Ọwọ́ Keshi ló ti bọ́. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù. Àdéhùn rẹ̀ parí lẹ́yìn Brazil, kò sì sí tuntun nígbà tó kó ikọ̀ pàdé Congo. Lásìkò náà, àwọn aláṣẹ NFF ń bára wọn jà du ipò, ìjọba sì dá sí i, débi pé FIFA fòfin de Nàìjíríà lóṣù keje. Lẹ́yìn ìgbà Keshi, Gernot Rohr, ará Jámánì, lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ yìí kan náà. Lóòótọ́, kò ṣòro fún un láti mú wa dé ìdíje, àmọ́ kò gba ife kankan. Keshi tó gbà á kò rí ìdajì irú sùúrù bẹ́ẹ̀.