Kì Í Ṣe Òjò Nìkan Ló Ń Ba Ọ̀nà Wa Jẹ́, Ọwọ́ Òfin Wà Níbẹ̀

Lónìí a ò ní sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a ò sì ní sọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà la fẹ́ sọ, torí pé irúgbìn tó dáa kò já mọ́ nǹkan kan tí tòmátì bá ti rà kó tó dé ọjà. A ó sọ ọ́ bó ṣe rí, bó bá tiẹ̀ máa bí àwọn kan nínú.

Lọ́dọọdún tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe. Wọ́n á dá aṣọ, wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á lọ kí alága tàbí gómìnà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe ọ̀nà wa." Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba ìlérí bọ̀. Tí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, típà méjì yẹ̀pẹ̀ pupa á dé, wọ́n á dà á sínú kòtò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òjò méjì péré, ó ti lọ. Àwa náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú òjò, a ó bú kọngílá, a ó ní ayé ti bàjẹ́. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa lọ láti oko dé oko ń sọ ọ́ fún yín pé ẹ̀bẹ̀ yẹn, ibi tí kò yẹ kó lọ ló ń lọ. Ibi tí owó ọ̀nà ti ń wá, ẹni tó ń dì í mú, ẹni tó ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, inú òfin ni gbogbo rẹ̀ wà. Èyí tó pọ̀ nínú òfin yẹn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Aláùsá la máa ń lọ kí gómìnà, àmọ́ a kì í yà lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin tí wọ́n jókòó sí Aláùsá kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni ọ̀nà ná. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ọ̀nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá ti kéde pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, Àbújá nìkan ló lè ṣòfin lórí kíkọ́ rẹ̀, títún un ṣe àti ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ti ìpínlẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kà á dáadáa: òfin gbé ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀ ni. Nínú nǹkan bí 195,000 kìlómítà ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà oko nìyẹn. Ọ̀nà tó gùn jù wà lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, ìpínlẹ̀ ló sì di okùn rẹ̀ mú.

Ẹ wo Kòsọ́fẹ́ wa níbí. Yàtọ̀ sí Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ Èkó tún gé Agbóyì-Kétu àti Ìkòsí-Ìṣẹrì jáde lára rẹ̀ láti jẹ́ LCDA. Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé àfi tí Àbújá bá fọwọ́ sí i. Látìgbà yẹn, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni owó Àbújá fi ń wá sí Èkó, ẹnu 57 sì ló ń jẹ ẹ́. Kí ló máa kù fún ọ̀nà tó wọ Alápẹ̀rẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa lọ́jà kò kúkú dín kù.

Àwọn kan á ní, "Òfin Aláùsá, kí ló kan tòmátì mi?" Ó kàn án gan-an. Òfin ìrìnnà tí gómìnà Fashola bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹjọ 2012 sọ pé tírélà kò gbọ́dọ̀ rìn nínú ìgboro Èkó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tírélà tòmátì tó gbéra láti Kánò, tó gba Jẹ́bà, tó la kòtò Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kọjá, tó wá dé ẹnu ibodè Èkó laago méje àárọ̀, bí òfin bá ṣe wí, kó dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlá nínú oòrùn. Ohun tó wá ń dùn wá jù ni pé òfin yẹn yọ àwọn kan sílẹ̀. Ó yọ ọkọ̀ epo bẹntiróòlù, ó yọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Kò yọ oúnjẹ. Ṣé bẹntiróòlù máa ń rà ni? Àwọn elépo ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ta ló bá tòmátì sọ̀rọ̀?

A ò sọ pé kí tírélà wá dí ojú ọ̀nà Ìkòròdú laago mẹ́jọ àárọ̀ o. Àwa náà ń wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, a mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ohun tí à ń sọ ni pé òfin kan náà lè sọ pé ọkọ̀ tó bá kó oúnjẹ tó lè bàjẹ́ ní wákàtí tirẹ̀, tàbí kó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ibùdókọ̀ tó ní ìbòòji sí ibodè, kí ọkọ̀ kéékèèké máa já ẹrù níbẹ̀. Nígbà tí òfin kò sọ èyíkéyìí, ọwọ́ àwọn tó dúró sójú ọ̀nà ló bọ́ sí. Awakọ̀ á tẹ owó sílẹ̀ kó tó kọjá, orí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lẹ ó sì ti san owó yẹn padà.

Ti ọ̀kadà náà nìyẹn. Òfin ìrìnnà ti 2018 ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Muṣin, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Ṣómólú kún un. Jàǹbá ọ̀kadà kì í ṣe irọ́, a ò ní tìtorí ọjà sọ pé kí ẹsẹ̀ èèyàn máa kán. Ṣùgbọ́n ìyá tó ra rodo àpò kan ní Mile 12, tó fẹ́ gbé e dé ìsọ̀ rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ tàbí Ògùdù, òfin gba ọkọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má rò pé òfin kì í ṣiṣẹ́. Iwájú ilé wa níbí lẹ̀rí wà. Ní oṣù kìíní 2002, gómìnà Tinubu bu ọwọ́ lu òfin tó dá LAMATA sílẹ̀. Òfin yẹn sọ iṣẹ́ tó máa ṣe, ó sì fún un ní àpò owó tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 2008, nígbà Fashola, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bí kìlómítà 22. Ní 2015, nígbà Ambode, ó dé Ìkòròdú. Gómìnà mẹ́ta, iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò dúró. Ìwé òfin ló gbé e láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá wo ọ̀nà oko tí alága ṣèlérí fún ẹgbẹ́ yín: ọjọ́ tí alága bá kúrò lórí oyè ni ìlérí náà kúrò. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí o, èrò ni BRT ń gbé, kì í gbé apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣòfin ni òfin ń ṣiṣẹ́ fún.

Ká wá bọ́ sórí owó, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Old Toll Gate lápá Ọjọ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ni ìjọba àpapọ̀ pa àwọn tógéètì bẹ́ẹ̀ rẹ́, wọ́n ní orí epo ni owó ọ̀nà á ti máa wá. Ní 2007 wọ́n tún òfin FERMA ṣe, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe nìyẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí bẹntiróòlù àti dísù. Wọ́n ní kí 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ sọ́dọ̀ FERMA, kí 60 lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀ fún títún ọ̀nà ṣe. Inú ìwé ló sùn sí. Ní oṣù kẹfà 2025, òfin owó orí tuntun tún gbé ìdá márùn-ún lórí epo jáde, ó di ọjọ́ tí mínísítà ètò ìnáwó bá kéde rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ariwo sọ, gbogbo èèyàn ní àwọn ò gbà.

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ra dísù sí katakata, tó tún ń san owó ọkọ̀, ti san owó ọ̀nà tipẹ́, inú kòtò ló ń san án sí. Tí wọ́n bá máa gba owó yìí, òfin wo ló máa tì í pa mọ́ fún ọ̀nà nìkan? Ìpínlẹ̀ tí kò ní àpò owó ọ̀nà tí òfin dá sílẹ̀, inú ìkòkò ńlá tí gbogbo ọwọ́ ń bọ̀ ni owó yẹn máa já sí. Ẹ wo Gánà: wọ́n fi òfin dá àpò owó ọ̀nà sílẹ̀ ní 1997, owó orí epo ń wọ ibẹ̀. Ní 2017 òfin mìíràn dé, ó fi gbèdéke sí iye tó lè wọ irú àpò bẹ́ẹ̀, ìyókù gba ibòmíràn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti sún mọ́ àgbẹ̀ jù ni iṣẹ́ ọ̀nà ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní RAAMP, tí Báǹkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ti Faransé ń fi owó sí. Ògùn, Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kí ìpínlẹ̀ ṣòfin tó dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko sílẹ̀, kó sì ṣòfin tó dá àpò owó ọ̀nà sílẹ̀. Ìwé ṣáájú ọ̀dà, ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òfin lè ní orúkọ kó má ní ikùn. Ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ ibi tí owó ti máa wọlé láìjẹ́ pé gómìnà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àwọn tó máa jókòó sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀: ṣé òfin dárúkọ àgbẹ̀ àti oníṣòwò, àbí kọmíṣọ́nnà àti ẹnjiníà nìkan? Kí ni wọ́n fi ń mú ọ̀nà: iye ẹrù tó ń jáde lóko ni, àbí abúlé ẹni tó lẹ́nu níjọba? Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìṣirò owó náà síta.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní inú àpò gómìnà ni aṣòfin ń gbé. Òótọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀, àbádòfin gbọ́dọ̀ gba ìwé kíkà kọjá, wọ́n sì sábà máa ń pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Bébà tí ẹgbẹ́ bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà wọ inú àkọsílẹ̀. Aṣòfin 40 ló wà nílé ìgbìmọ̀ Èkó, méjì nínú wọn jẹ́ ti Kòsọ́fẹ́. Iye ìbò tó wà nínú ọjà Mile 12 nìkan tó ohun tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Kí wọ́n má sì fi "ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni" tàn yín. Tó bá jẹ́ márosẹ̀ lóòótọ́, ẹ mú un lọ bá aṣojú yín l'Ábújá. Tó bá jẹ́ ọ̀nà àárín àdúgbò, ẹ dá aṣòfin ìpínlẹ̀ dúró, kó dáhùn.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì náà òfin ni. Apá ìparí ọdún ló sábà máa ń dé iwájú ilé ìgbìmọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tó mọ̀wé, kí wọ́n lọ bèèrè ojú ìwé tí orúkọ ọ̀nà yín wà àti iye tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Tí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà bèèrè ìdí, kí ẹ gba èsì rẹ̀ ní bébà. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó gbé e síbí pẹ̀lú fọ́tò ọ̀nà náà bó ṣe wà lónìí.