Àlùbọ́sà Tí Kì í Ṣe Àlùbọ́sà

Ewé orí igi ti ń wọ́ dànù ní Lọ́ndọ̀n níbí, òtútù sì ti ń yọjú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Òṣogbo àti Ìbàdàn, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, ọ̀rọ̀ náà á kàn yín tó bá yá.

Ìyá fẹ́ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka abala yìí bọ̀ mọ ìyá mi, olóòṣà aláṣọ funfun, tí mi ò rí àwọ̀ mìíràn lára wọn rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 81 báyìí. A ti fi ìwé físà sílẹ̀, a ò sì mọ ọjọ́ tó máa jáde. Ó lè jẹ́ Oṣù Kejì, ó lè jẹ́ Oṣù Karùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi lórí fóònù ni pé, "Ṣé màá bá òdòdó yẹn lórí ìdúró báyìí?"

Mo mọ òdòdó tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbígbẹ̀yìn mi, Ìyá sì wá bá mi wẹ ọmọ. Nínú Oṣù Kẹwàá, mo ra àpò dáfódì kan lọ́jà, 25 ló wà nínú àpò àwọ̀n náà. Mo gbé e sórí tábìlì ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Ẹ̀bi mi nìyẹn o, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti rí dáfódì kó tó wọ ilẹ̀ mọ̀ pé èèpo rẹ̀ gbẹ bíi ti àlùbọ́sà, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àlùbọ́sà, ó sì ní irùngbọ̀n nídìí bíi tirẹ̀.

Ìyá rẹ́ méjì sínú ọbẹ̀. Wọ́n ní ó ya àwọn lẹ́nu pé kò ta àwọn lójú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, àmọ́ wọ́n rò pé bí àlùbọ́sà Òyìnbó ṣe rí nìyẹn. Wọn ò jayò pa jàre. Kí ni Òyìnbó ní tí kì í yàtọ̀ sí tiwa?

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló kọ́kọ́ jẹun. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì títí tó fi jẹ́ pé omi lásán ló ń jáde. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo rí èèpo nínú ike ìdọ̀tí, mo rí àpò tí wọ́n ti já ẹnu rẹ̀. Mo kà á. 23 ló kù. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. A pe àwọn oníṣègùn, wọ́n ní ká máa gbé e bọ̀, ọsibítù la sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Oró kan tí wọ́n ń pè ní lycorine ló wà nínú dáfódì láti ewé dé ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yẹn ló sì pọ̀ jù. Iná kì í sè é kúrò. Èébì tó ń mú ènìyàn bì yẹn náà ló sábà máa ń kó o jáde kó tó rí ibi wọlé. Nígbà tó di àárọ̀, ọmọ ní ebi ń pa òun, ó jẹ búrẹ́dì.

Ìyá ò wọ ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n kàn gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Mo ní kí n kó ìyókù dànù. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé àpò náà wá bá mi. "Gbìn ín," ni wọ́n wí. "Ohun tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ rí ojú rẹ̀." Àwa méjèèjì la jọ gbìn ín, àwọn lórí àga, èmi lórí eékún. Oṣù Kìíní ni wọ́n padà sílé, kó tó yọ. Fọ́tò ni wọ́n fi rí i. Láti ìgbà náà, kò sí Oṣù Kẹta kan tí wọn ò ní pè mí: "Àlùbọ́sà ọ̀tá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti tanná?"

Ẹ rí i pé iṣẹ́ ọdún yìí kì í ṣe eré. Òdòdó kan kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ jù mẹ́ta bí ojú ọjọ́ bá tutù. Bí mo bá gbin dáfódì nìkan, tí físà wá jáde ní Oṣù Karùn-ún, ewé tó ń kú lọ ni Ìyá máa bá. Àfi kí n to oríṣiríṣi pọ̀, kí ọ̀kan máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì láti Oṣù Kejì títí wọ Oṣù Karùn-ún.

Ẹni tó bá mọ iṣu gbìn ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni mo ṣe ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní iṣu òdòdó. Iṣu tó wà nínú àká kò kú, ó ń sùn ni. Tí àsìkò rẹ̀ bá tó, á ta, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ni túlípù ń dúró dè ní tirẹ̀. Ó fẹ́ lo bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù kí igi òdòdó inú rẹ̀ tó lè gùn jáde dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Ìyá pé kí wọ́n má di ìkankan sínú ẹrù lọ sí Òṣogbo. Ọyẹ́ wa kò tó o, ewé díẹ̀ ló máa yọ, ìyókù á jẹrà. Àwọn kan ní ilẹ̀ olóoru ń fi í sínú fíríìjì fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbìn ín. Àmọ́ ta ló fẹ́ gba àyè ẹran fún túlípù, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì ni túlípù. Irọ́ ni. Orí àwọn òkè àárín gbùngbùn Éṣíà ló ti wá, àwọn ará Tọ́kì ló sọ ọ́ di òdòdó ààfin. Carolus Clusius gbìn ín sí ọgbà yunifásítì Leiden ní 1593. Nígbà tó fi máa di 1637, àwọn Dọ́ọ̀ṣì ti ń fi owó tó tó ra ilé du iṣu kan ṣoṣo, kí ọjà náà tó dojú dé ní Oṣù Kejì ọdún yẹn. Ohun tó kàn wá nínú ìtàn yìí ni òkè tó ti wá: òtútù líle nígbà òtútù, ilẹ̀ gbígbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Amọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, amọ̀ Lọ́ndọ̀n tó ń dì mọ́ bàtà. Omi òjò a dúró nínú rẹ̀ bíi inú àwo, túlípù á sì jẹrà sínú rẹ̀. Dáfódì lè fara dà á, túlípù kò lè ṣe é. Nítorí náà, ìkòkò ni mo lò.

Ìkòkò tó jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tó lu nísàlẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀dú tí mo po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́. Kí ilẹ̀ tó máa bo iṣu òdòdó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta gíga rẹ̀. Túlípù ló lọ sísàlẹ̀, bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀. Mo bu ilẹ̀ lé e, mo to dáfódì ní bí 15, mo tún bu ilẹ̀ lé e, krókọ́ọ̀sì ló wá wà lókè ní bí 8. Ẹ má bẹ̀rù pé ti ìsàlẹ̀ ò ní rọ́nà, á wá ẹ̀gbẹ́ gbà. Wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn nínú ìkòkò, kí wọ́n ṣáà má kàn. Ẹnu ṣóńṣó ni ẹ máa kọ sókè. Bí ẹ ò bá mọ èwo ni òkè èwo ni ìdí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, á mọ bó ṣe máa ṣe é.

Funfun ni mo fẹ́ nítorí ẹni tó ń bọ̀. Snowdrop ló ń ṣáájú, ó ti wà lábẹ́ igi ápù látọjọ́ tí ìyá àgbà ará Jàmáíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti bu díẹ̀ fún mi pẹ̀lú ewé lórí. Bẹ́ẹ̀ ló sì dára jù láti gbà á, torí pé tó bá ti gbẹ nínú àpò ọjà, kì í fẹ́ hù mọ́. Krókọ́ọ̀sì 'Jeanne d'Arc' á tẹ̀lé e ní ìparí Oṣù Kejì wọ Oṣù Kẹta. Túlípù 'Purissima' ni ti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin. Dáfódì 'Thalia' ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn: ó funfun láìní àbùlà, ó ń yọ òdòdó méjì mẹ́ta lórí igi kan, wọ́n á dorí kodò díẹ̀ bí ọmọge tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Túlípù 'White Triumphator', ọlọ́rùn gígùn, ló máa gba Oṣù Karùn-ún.

Àmọ́ mo ti gbìyànjú funfun nìkan rí, kò wù mí. Lábẹ́ ojú ọ̀run ibí tó rí bí eérú, ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé síta. Muscari ló gbé e yọ, òdòdó kúkurú tó dúdú bí aró. Òṣogbo la ti wá, ìlú aró, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi tètè ronú kàn án. Mo tò ó yí ẹnu ìkòkò ká. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ Ọ̀ṣun paraku, ní kí ni gbogbo funfun yìí. Mo fún un ní ìkòkò tirẹ̀: 'Tête-à-tête', dáfódì kékeré aláwọ̀ ìyeyè, àti muscari lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ká sòótọ́, tirẹ̀ ló máa ń dára jù nínú Oṣù Kẹta. Mi ò tíì sọ fún un.

Oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí dáfódì ti wọ ilẹ̀, túlípù ló máa ń dúró di Oṣù Kọkànlá, kí òtútù lè dín àrùn kan kù tó máa ń jó ewé rẹ̀ bí iná. Nítorí pé wọ́n jọ wà nínú ìkòkò kan, Oṣù Kọkànlá ni mo gbin gbogbo rẹ̀. Dáfódì á pẹ́ díẹ̀, ìyẹn ò pa mí lára. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbìn, ẹ ṣì lè gbin túlípù títí wọ Oṣù Kejìlá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ibí ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Krókọ́ọ̀sì àti túlípù ni oúnjẹ wọn, wọn kì í fẹnu kan dáfódì. Wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Wáyà ilé adìyẹ ni mo fi bo ojú ìkòkò títí ewé á fi yọ.

Ọ̀rọ̀ ewé, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́dún kan, bàbá àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ gé koríko, ó gé ewé dáfódì mọ́ ọn, ó ní ó rí jágbajàgba. Lọ́dún kejì, ewé lásán la rí, kò sí òdòdó kan. Ewé yẹn ló ń wá oúnjẹ fún iṣu tó wà nísàlẹ̀, bí ìtàkùn iṣu ṣe ń ṣe nínú oko, ta ló sì ń gé ìtàkùn nígbà tó ṣì tutù? Ẹ já orí òdòdó tó bá ti rọ, kí ẹ fi ewé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ má sì ta á ní kókó.

Ẹnìkan bi mí bóyá a lè gbé òdòdó wọ̀nyí síwájú òòṣà. Ìyẹn kọjá ẹnu ọlọ́gbà, ẹ bi àgbà ilé yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé kó jìnnà sí omi mímu àti oúnjẹ tí a máa pín jẹ. Omi tí dáfódì wà nínú rẹ̀ lóró, kí ajá má lá a, kí ọmọdé má fọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi ara dáfódì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tún máa ń ba túlípù jẹ́. Ẹ fi í sínú omi tirẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ tó kó wọn pọ̀. Ní tèmi, iṣu òdòdó kì í wọ ilé ìdáná mi mọ́. Inú àpótí ìta ló ń gbé, mo sì kọ MÁ JẸ sí i lára gàdàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, mo kà á pé ara ìran snowdrop ni wọ́n ti rí galantamine, oògùn tí àwọn dókítà ń fún àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà. Ó wà nínú dáfódì náà, wọ́n sì ń gbìn ín lórí àwọn òkè Wales nítorí rẹ̀. Mo sọ fún Ìyá. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n ní, "Oògùn ni nígbà náà. Èmi ni mo ṣì í lò." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ọmọ tó jẹ ọbẹ̀ ọjọ́ náà ti di ọmọ ọdún 17. Òun ló bá mi gbé ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi tí àga Ìyá máa wà. Ó ń so wáyà mọ́ ọn, ó wá ní, "Mọ́mì, tí wọn ò bá fún Ìyá Àgbà ní físà ńkọ́?"

Mo ní kó lọ bu omi wá.