Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìwé fún wa, kó kọ́kọ́ bi wá léèrè



Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ Edmund Hillary. Òun àti Tenzing Norgay ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Everest, òkè tó ga jù láyé, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953. Ará New Zealand ni, iṣẹ́ sísin oyin ni wọ́n ń ṣe nínú ìdílé rẹ̀. Òkìkí ọjọ́ kan yẹn ì bá tó o jẹ títí dọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló kàn wá jù.

Àwọn Sherpa, ará òkè Nepal, ló máa ń ru ẹrù àwọn tó ń gun òkè, tí wọ́n sì ń fọ̀nà hàn wọ́n. Nígbà tí Hillary fẹ́ san oore wọn, kò dá a rò lórí ara rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ilé ìwé ni àwọn fẹ́ fún ọmọ àwọn. Ní 1961, ilé ìwé ṣí ní abúlé Khumjung. Ọmọ Sherpa bíi tiwọn ni olùkọ́ tí wọ́n mú wá. Ẹgbẹ́ tí Hillary dá sílẹ̀, Himalayan Trust, kọ́ ilé ìwé mìíràn káàkiri, ó sì ṣí ilé ìwòsàn ní Kunde ní 1966. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kàwé ní Khumjung ló padà wá di dókítà àgbà ní Kunde. Èrè ìbéèrè nìyẹn.

Ní 1975, ọkọ̀ òfurufú já, ó pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan, nígbà tí wọ́n ń lọ bá a níbi tó ti ń kọ́ ilé ìwòsàn ní Phaplu. Ẹlòmíràn ì bá kẹ́rù kó máa lọ ilé. Hillary parí iṣẹ́ náà, ó sì ń padà lọ síbẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ó kú ní 2008.

Àwọn kan á ní ẹni tí wọ́n ń fún lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣà. Èmi ò gbà. Ilẹ̀ wa ni, ọmọ wa ló máa jókòó síbẹ̀. Yàrá ìwé tí kò ní olùkọ́, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbẹ̀.

Ní Benin níbí, òfin ọdún 1999 fi kíkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títún un ṣe lé komúnù lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin ọba wa, bí ọlọ́rẹ bá dé, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí òun, mérì àti àwọn òbí jókòó láàfin kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ni a nílò? Ta ni yóò san owó olùkọ́? Ta ni yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì bá ṣí i? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí a tó dúpẹ́.