Ìtànṣán Kì Í Ṣe Oríṣi Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Jẹjẹrẹ Ọyàn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tó máa ń kiri lórí fóònù wa. Ó ní ìtànṣán ń jó iṣan ẹ̀jẹ̀, pé kí obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn má ṣe gbà kí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú òun, pé kí á sì sá fún òpó tẹlifóònù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Àdàlù bẹ́ẹ̀ ló léwu jù.

Ìtànṣán kì í ṣe oríṣi kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn jẹ́ ìtànṣán. Èyí tí fóònù àti òpó rẹ̀ ń lò, irú tí rédíò ń lò ni. Agbára rẹ̀ kò tó láti fọ́ ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Síkáànì aboyún kò tilẹ̀ lo ìtànṣán wọ̀nyí rárá, ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ló ń lò. X-ray, CT scan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ló ní agbára láti ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Àwọn yẹn náà kò sì dọ́gba. X-ray àyà kéré gan-an. CT scan àyà kan lè jù ú lọ ní ìlọ́po 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù. Gray ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Fún ọyàn, wọ́n sábà máa ń fún obìnrin ní Gray 40 ní ìgbà 15, tàbí Gray 50 ní ìgbà 25, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni ó ń ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀? Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dán. Tí a bá fi irin ha á, ibi tó há yẹn ni ọbẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́. Awọ fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìtànṣán tó pọ̀ máa ń ha á. Yóò wú, yóò lápàá, ọ̀rá yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa há sí i. Kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ó ń gba ọdún. Lára àwọn tí bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki kò pa ní 1945, àwọn tí ìtànṣán púpọ̀ kàn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pa jù ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ní ti ọyàn, òsì ni ọkàn wa fì sí. Nítorí náà, tí ó bá jẹ́ ọyàn òsì ni wọ́n ń tọ́jú, ìtànṣán sábà máa ń kan ọkàn ju ti ọ̀tún lọ. Ní 2013, ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Sweden àti Denmark tó ju 2,000 lọ. Ó fi hàn pé Gray kọ̀ọ̀kan tó bá kan ọkàn ń fi nǹkan bíi 7 kún orí 100. Ìyẹn ni pé, níbi tí obìnrin 100 ì bá ti ní àìsàn ọkàn tó le, yóò di bíi 107. Ewu náà ti ń hàn láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ó sì lé ní ogún ọdún kó tó tán. Àwọn tó ti ní ohun tó ń yọ ọkàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni ewu náà pọ̀ fún jù.

Ṣé kí á wá sá fún ìtọ́jú ni? Rárá o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jẹjẹrẹ tí a kò tọ́jú kò ní dúró de ogún ọdún. Lóde òní, wọ́n lè ní kí obìnrin fa èémí sínú kó dá a dúró díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí ọkàn lè sún kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin ń parí ìtọ́jú láìsí ẹni tó sọ fún wọn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn nílò àbójútó títí ayé. Àwọn kan ní tí a bá sọ ọ́, ẹ̀rù yóò bà wọ́n, wọn yóò sá. Èmi kò gbà. Ẹni tí a kò sọ fún ni irọ́ orí fóònù ń rí mú. Ní tèmi, ó yẹ kí ilé ìwòsàn tó ń ṣe ìtọ́jú yìí fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìwé: ọyàn wo ni, ọdún wo, Gray mélòó. Títí wọn yóò fi máa ṣe é, ẹ jẹ́ ká máa fi ẹnu wa béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ọkàn yín.

2. Lẹ́yìn rẹ̀, ibikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ sọ pé ẹ ti gba ìtànṣán rí, kódà kó ti pé ogún ọdún.

3. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Tí ìfúnpá bá ń tó 140/90, ẹ má ṣe jókòó sílé. Àwa tó ń bẹ̀rù òpó tẹlifóònù, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mọ iye tí ìfúnpá tirẹ̀ jẹ́.

4. Tí àyà bá ń fún yín, tí èémí ń kúrú, tàbí tí ìrora ń gba apá tàbí àgbọ̀n pẹ̀lú òógùn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo.

5. Ẹ má fi CT scan ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ẹ má kọ èyí tí dókítà ní ẹ nílò.

Ẹ ka èyí sí ìyá tí kò lè kàwé létí nípàdé ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa o.