Ìnhélà Aláwọ̀ Búlúù Nìkan Kò Tó

Ìlú Johannesburg fi nǹkan bí 1,750 mítà ga ju etí òkun lọ. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ àárọ̀ ibẹ̀ a máa tutù, a sì máa gbẹ bí ọyẹ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ń sáré níbẹ̀ lásìkò náà yóò máa fẹnu mí, afẹ́fẹ́ ọ̀hún yóò sì gbẹ omi ara ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, ọ̀nà náà yóò fún, àyà yóò le, èémí yóò máa dún fée-fée. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Irọ́ gbáà ni!

Salbutamol inú ìnhélà búlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí wọ́n bá fà á ní ìṣẹ́jú 15 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà èémí yóò là. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ti ojoojúmọ́, ìdáàbòbò rẹ̀ a máa dín kù, kò sì lè wo wíwú tó wà nínú ọ̀nà èémí. Ìdí nìyí tí àjọ GINA, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée fún àgbáyé, fi kéde lọ́dún 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe gbára lé e nìkan mọ́. Ìnhélà tó pa budesonide àti formoterol pọ̀ ni wọ́n fara mọ́ jù. Òun náà ṣe é fà kí a tó sáré. Ẹni tó bá ń lo agolo búlúù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ti wà nínú ewu kí àìsàn náà dìde sí i lójijì. Bó bá pé 12, ewu ikú ń pọ̀ sí i.