Ibi Tí Omi Òkun Àbíjánì Ń Ṣàn Sí
Apẹja tó bá ń tukọ̀ jáde ní Port-Bouët, ní Àbíjánì, mọ̀ pé ìlà-oòrùn, síhà Gánà, ni ojú omi sábà máa ń ṣàn sí. Lábẹ́ rẹ̀, omi mìíràn ń padà síwọ̀-oòrùn. Rédà etíkun lè ka ti òkè yìí: ó ń rán ìgbì rédíò sójú òkun, ìgbì omi á dá a padà, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìgbì rédíò tó lọ àti èyí tó padà ni a fi ń mọ bí omi ṣe ń yára tó. Rédà kan kò tó. Méjì ló ń fi ìhà tó kọjú sí hàn. Ìṣirò kọ̀ǹpútà á wá fi ohun tí wọ́n kà sọ ibi tí omi máa ṣàn sí lọ́la. Bí epo bá dà lẹ́nu Vridi, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ wọ òkun ní Àbíjánì tí wọ́n sì ṣí ní 1950, wákàtí díẹ̀ ló kù fún wa láti mọ ibi tí omi ń gbé e lọ. Owó irú rédà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣedànù.