Kámẹ́rà Ilé Yín Lè Má Tíì Bàjẹ́: Ẹ Yẹ Iná Rẹ̀ àti Ojú Rẹ̀ Wò

Owó orí, owó ilé àti owó ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní ojú-ìwé ọrọ̀ ajé yìí. Lónìí, kámẹ́rà tí a fi ń ṣọ́ ilé ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí pé ó ń ná wa lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín àwa àti ẹbí wa jẹ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A ń kọ́ ilé lọ́wọ́ nílé, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣe. A ra kámẹ́rà mẹ́rin ránṣẹ́ kí a lè máa fi fóònù wo iṣẹ́ láti ìlú Ọba níbí. Kò pé oṣù kan tí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lálaalẹ́. Lóru ọjọ́ kan, ó já fún wákàtí mẹ́fà gbáko. Nígbà tí ó padà, ó jọ pé àpò sìmẹ́ǹtì ti dín. A pe àbúrò wa tí ń bójú tó ilé náà, a sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu àgbà jáde sí i. Ó dákẹ́ títí a fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ ibi tí nǹkan yìí ti ń gba iná?"

A ò mọ̀. Kámẹ́rà wà lórí inverter, ṣùgbọ́n router tí ń gbé àwòrán wá sórí fóònù wa wà lórí iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, router á kú, àwa á sì rò pé ẹnì kan ló pa kámẹ́rà. Gbogbo wákàtí mẹ́fà náà wà nínú mẹ́mórì káàdì, kò sí ẹni tó wọlé. Ní ti sìmẹ́ǹtì, òjò ló ṣú lọ́sàn-án tí wọ́n fi kó apá kan rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ojú kámẹ́rà kò dé. Kò sí àpò kan tó sọnù. A bẹ àbúrò wa, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu kì í ṣe ohun tí a lè kó padà.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì tó ra kámẹ́rà mìíràn, ẹ yẹ ohun méjì wò: ibi tí ó ti ń gba iná, àti ibi tí ojú rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò iná ti ilé. Kámẹ́rà kan lè máa jẹ nǹkan bíi wátì 5. Mẹ́rin jẹ́ 20. Bí router bá jẹ́ 10, àpapọ̀ rẹ̀ di wátì 30. Bátìrì inverter fóltì 12 tó jẹ́ 100Ah ń kó wátì 1,200 fún wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ oríṣi olómi ásíìdì, kò dára kí a lò ó kọjá ìdajì, ìyẹn 600. Ẹ fi 30 pín 600, ó di wákàtí 20. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ó ju òru kan lọ dáadáa. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra kámẹ́rà karùn-ún, ẹ fi gbé router sórí inverter.

Níbí ńkọ́? Iná wà, ṣùgbọ́n òtútù wà pẹ̀lú. Bátìrì lithium kì í fẹ́ gba iná nígbà tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, agbára rẹ̀ sì máa ń dín. Ẹ gbé e wọlé, kó móoru, kí ẹ tó fi sí ṣájà. Bí ó bá ṣe agogo ẹnu ọ̀nà oníkámẹ́rà ni, ẹ mọ̀ pé transformer agogo ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbí kò ju fóltì 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agogo oníkámẹ́rà ń béèrè 16 sí 24. Oníṣẹ́ iná tó gba ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ pè láti pààrọ̀ rẹ̀. Àmì kan tún wà: kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ṣùgbọ́n tó ń kú tó ń jí lóru. Lóru ló máa ń tan iná infrared tí ojú èèyàn kì í rí, ìgbà náà ló sì ń fẹ́ agbára jù. Wáyà tó gùn jù tàbí tó tín-ín-rín jù kò lè gbé e. Ẹ pààrọ̀ wáyà àti ṣájà ná.

Ó ku ojú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù lọ, kó lè rí gbogbo àdúgbò. Ẹni tó ń wo gbogbo nǹkan kì í rí ìkankan dáadáa. Ìlànà EN 62676-4 ti ọdún 2015 sọ pé kí a tó lè dá àjèjì mọ̀ nínú àwòrán, ó yẹ kí píksẹ́lì 250 wà fún mítà kan. Kámẹ́rà tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 1,920 ní ìbú, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó dígírì 100, ń rí nǹkan bíi mítà 12 ní ìbú, bí èèyàn bá dúró ní mítà 5 sí i. Ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì 160 péré fún mítà kan. Ẹ ó rí i pé olè wá, ẹ ò ní mọ olè. Èyí tí ojú rẹ̀ kò ju dígírì 50 lọ yóò mú ojú olúwarẹ̀ títí dé nǹkan bíi mítà 8. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá: ẹnu ọ̀nà àti géètì. Ẹ má gbé e ga jù, kó má baà jẹ́ fìlà nìkan ni yóò máa yà. Ẹ má sì gbé e sẹ́yìn dígí fèrèsé, nítorí iná infrared á ta padà sí i lójú lóru.

Iná àti ojú tún so pọ̀ mọ́ra. Kámẹ́rà oníbátìrì tó kọjú sí títì á máa jí fún gbogbo mọ́tò tó kọjá, bátìrì rẹ̀ kò sì ní pẹ́ tán. Ẹ yí ojú rẹ̀ kúrò ní títì, bátìrì yóò pẹ́ sí i.

Òfin náà wà níbẹ̀. Bí kámẹ́rà yín níbí bá ń ya títì tàbí ọgbà aládùúgbò, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2018 kàn yín. Ẹ lẹ àkọlé mọ́ ara ilé pé kámẹ́rà wà, ẹ má sì tọ́jú àwòrán kọjá ìgbà tó wúlò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford dá aládùúgbò kan láre lórí kámẹ́rà ẹnìkejì rẹ̀. Gbígba ohùn sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn wà lára ohun tí adájọ́ bẹnu àtẹ́ lù. Bí ẹ kò bá nílò ohùn, ẹ pa á.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé ìwé tí ojú-ìwé rẹ̀ ya kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tó já. Kámẹ́rà ń ṣọ́ ilé ni, kò lè rọ́pò ẹbí tó ń bá wa gbé ibẹ̀. Kí ẹ tó pe nílé lálẹ́ òní láti bínú, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé iná wà?"

Ire o.